Èèwọ̀ Méjì Nídìí Ìkòkò Mépù

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí ọmọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó jọ pé "má fọwọ́ kàn án" ló pọ̀ jù. Ọmọ á ní kí ló dé, àwa á ní nítorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn, a ò sì kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èmi àti àwọn ọmọ mi ti ń se súìtì mépù nílé ni mo ti ń pín èèwọ̀ ilé mi sí méjì. Ọ̀kan wà tí òbí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lórí rẹ̀ rárá, ọmọ ìbáà sunkún títí. Èkejì wà tó jẹ́ pé ó sàn kí ọmọ rú u níṣojú wa, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó mú ká kà á léèwọ̀. Inú ìkòkò kan ṣoṣo ni méjèèjì ti máa ń yọjú, kí súìtì tó jinná.

Fún àwọn ará ilé tí wọn ò mọ igi mépù: igi ilẹ̀ òtútù ni, ewé rẹ̀ ló wà láàárín àsíá Kánádà. Ó pọ̀ ní ìlà-oòrùn Kánádà àti ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwa fìdí kalẹ̀ sí. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kejì wọ oṣù Kẹrin, nígbà tí omi ṣì ń dì lóru tí oòrùn sì ń yọ́ ọ lọ́sàn-án, oje á máa sun nínú igi yìí. Wọ́n á lu ihò kékeré sí i lára, wọ́n á ki ọ̀pá oníhò bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé garawa kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo adẹ́mu níṣẹ́ rí á rò pé iṣẹ́ kan náà ni, àfi tó bá tọ́ ọ wò. Oje mépù kì í pani bí ọtí, kò sì dùn tó ẹmu òwúrọ̀. Nínú ìdá 100 rẹ̀, bí ìdá 2 péré ni ṣúgà, omi ni gbogbo ìyókù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń se é fún wákàtí gbọọrọ, títí tí nǹkan bí 40 lítà oje á fi di lítà ṣírọ́ọ̀pù kan. Igi tí wọ́n ń lu ihò sí náà kì í ṣe ọmọdé igi. Ó sábà máa ń tó bí 40 ọdún kí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ débi tí wọ́n á lè gba oje lára rẹ̀ láìpa á lára, nítorí náà ẹni tó gbìn ín lè má tọ́ ọ wò láyé rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà ló ń ṣe ju ìdá 70 lọ nínú ìdá 100 ṣírọ́ọ̀pù mépù gbogbo àgbáyé, Vermont ló sì ṣáájú ní Amẹ́ríkà.

Àwa tí a ò ní igi ra tiwa ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí oríṣi méjì ló máa ń jókòó ti ara wọn lórí pẹpẹ. Èyí tó wọ́n ni mépù gidi. Èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n ń dà sórí páńkéèkì, ṣírọ́ọ̀pù àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń fi òórùn àti àwọ̀ sí, kò sì ní dì láéláé bí ẹ se é di ọ̀la. Mo máa ń fi èyí ṣe iṣẹ́ fún ọmọ tó bá ti lè kàwé: kó yí ìgò sẹ́yìn, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi sókè. Bó bá ka ohun tó ju ẹyọ kan lọ, kó dá a padà. Nínú mépù gidi náà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n gbà níbẹ̀rẹ̀ àkókò, ló dára jù fún súìtì. Èyí tó dúdú, tó ń jáde nígbà tí ìgbà òtútù ti ń kógbá wọlé, dùn gan-an nínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ ti yí padà díẹ̀, kì í fẹ́ dì dáadáa.

Ẹ da kóòpù ṣírọ́ọ̀pù méjì sínú ìkòkò. Á tó bí ìdajì kílò súìtì. Kí ìkòkò náà jìn, torí bí ṣírọ́ọ̀pù bá hó, á ru gùdù, á gun òkè débi tí ẹ ò rò. Bọ́tà bíńtín á mú kí ìfóòfó rẹ̀ wálẹ̀. Ooru tí à ń wá jẹ́ nǹkan bí 113 sí 115 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 235 sí 240 lórí ti Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìdáná kì í tẹnu mọ́: omi kì í hó ní ibi kan náà ní gbogbo ìlú. Ìlú tó bá wà lórí òkè, omi ibẹ̀ á ti hó kó tó pé 100. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ se omi lásán, kí ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi bí 13 sí 15 lé iye tí ẹ bá rí lórí Celsius. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kó kán ẹ̀kán kan sínú omi tútù. Bó bá ṣù pọ̀ tí ìka sì lè tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Àwọn ìyá tó ń se bàbá dúdú tà fún àwa ọmọ ilé ìwé, omi àgbọn àti ṣúgà tó dúdú wàì yẹn, ọwọ́ àti ojú ni tẹmómítà tiwọn.

Ìdí ìkòkò yìí ni èèwọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ṣúgà tó ń hó gbóná ju omi híhó lọ, ó sì burú jù ú lọ nítorí pé omi á ṣàn kúrò lára, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ilé wa, ọmọ kékeré kì í wọ ilé ìdáná nígbà tí mépù bá wà lórí iná. Èyí tó bá ti dàgbà díẹ̀ á dúró sẹ́yìn àga tí mo gbé dínà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ka tẹmómítà sókè bí akéde. Ọwọ́ ìkòkò á kọjú sí ara ògiri. Kò sí eré, kò sí "jẹ́ kí n wò ó díẹ̀." Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní ẹ jẹ́ kí iná jó o díẹ̀, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Níwájú ṣúgà híhó, mi ò gbà. Ẹ̀kọ́ tó bá máa fi àpá sílẹ̀ lójú ọmọ títí ayé ti wọ́n jù. Bí ọ̀ràn bá sì ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, ẹ sáré gbé ibi tó jó sábẹ́ omi ẹ̀rọ tútù tó ń ṣàn, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dókítà. Ẹ má da epo pupa sí i, ẹ má fọ́ ẹyin lé e, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, ẹ má sì gbé yìnyín dídì lé e. Mo mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ nínú mẹ́rin wọ̀nyí.

Irú èèwọ̀ yìí kò ṣeé fi hàn ọmọ. Ẹ lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn gbọ́dọ̀ ṣáájú òye. Ibi tí "nítorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀" ti wúlò gan-an nìyí, ìyẹn tí a ò bá ti ná an tán sórí nǹkan yẹpẹrẹ kó tó di pé a nílò rẹ̀.

Nígbà tí ooru bá pé, a ó sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Èèwọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mi ìkòkò, títí ooru á fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 80, tàbí 175 lórí Fahrenheit. Ìkòkò á dákẹ́, ojú rẹ̀ á máa dán, òórùn á gba ilé kan, ṣíbí á sì wà nítòsí. Ẹ ò lè rí ọmọ tí kò ní fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìdí èèwọ̀ yìí rèé. Ṣírọ́ọ̀pù tó ń tutù náà ti di ṣúgà mú ju èyí tó lè dì mú ní ìrọ̀rùn lọ. Ó ń wá àyè láti tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá dà á láàmú nígbà tó ṣì gbóná, hóró ṣúgà díẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, àwọn díẹ̀ yìí á sì máa fa ìyókù mọ́ra títí wọ́n á fi di ńláńlá. Bí ẹ bá ní sùúrù kó tutù tó, tí ẹ wá rò ó kíkankíkan, hóró tí kò lóǹkà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó máa ráyè tóbi. Ti àkọ́kọ́ á máa ha ahọ́n. Ti èkejì á yọ́ mọ́ ẹnu.

Mo lè wàásù èyí fún ọmọ títí, á máa mi orí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, mo máa ń bu díẹ̀ nínú ìkòkò sínú abọ́ tó nípọn nígbà tó ṣì gbóná, màá sì sọ fún ọmọ pé abọ́ yìí tìẹ ni, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ní kí n ṣe sí i. Ó dájú pé á ní kí n rò ó. Èmi ni mo ń rò ó o, torí èèwọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Òun ló rú èèwọ̀, ọwọ́ mi ló fi rú u. Ìkòkò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò dá sí i. Nígbà tí méjèèjì bá ti dì tán, kó tọ́ ọ̀kan wò, kó fi omi ṣan ẹnu, kó tọ́ èkejì wò. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí mo ń rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí: ọmọ tó paṣẹ pé kí n rò ó ló ń di ẹ̀ṣọ́ ìkòkò nígbà tí a bá tún se é. Bí àbúrò rẹ̀ bá na ọwọ́, òun ló ń pariwo, òun náà ló ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ hóró ńlá àti hóró kékeré fún un, pẹ̀lú àfikún irọ́ díẹ̀.

Ìdúró yẹn gùn lójú ọmọ. Ẹ má gbé fóònù fún wọn. Àkókò ìtàn ni, ìtàn sì wà nínú ìkòkò yìí. Àwọn Anishinaabe, tí ilẹ̀ wọn yí àwọn adágún ńlá tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà ká, ti ń se ṣúgà mépù kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Haudenosaunee àti àwọn Abenaki, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ bíi tiwọn, nítorí náà ẹni tó bá ní eré òyìnbó ni à ń ṣe, kó tún un wò. Àwọn Anishinaabe máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ṣírọ́ọ̀pù tó ki ló ń ṣàn tààrà láti inú igi. Àwọn èèyàn wá pa ọdẹ tì, wọ́n pa oko tì, iná kú mọ́ wọn nílé, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, wọ́n la ẹnu. Nanabozho, ẹni ìyanu inú ìtàn wọn, rí wọn bẹ́ẹ̀, ó pọn omi, ó gun igi, ó sì ń da omi náà sí i láti òkè títí adùn rẹ̀ fi di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mépù á gbé garawa, á ṣẹ́gi, á dáná. Èyí àbúrò nílé wa ní Nanabozho burú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò burú, wọ́n bá ara wọn jiyàn títí tẹmómítà fi dé 80. Kí ni mo tún ń fẹ́?

Ìtàn olè wà fún ìgbà tí ara wọn ò bá balẹ̀: ní 2012 ni àṣírí tú ní Québec pé olè ti fa ṣírọ́ọ̀pù tó bí 3,000 tọ́ọ̀nù jáde nínú àgbá tí àwọn àgbẹ̀ kó pamọ́, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 18 dọ́là Kánádà, wọ́n sì rọ omi dípò rẹ̀ sínú àwọn àgbá kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí ju ohun tó yẹ lọ.

Ìtàn kẹta wúwo, èyí tó ti gbọ́njú nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Ní 1791, Dókítà Benjamin Rush ti Philadelphia kọ lẹ́tà gígùn nípa igi mépù sí Thomas Jefferson, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn kan nínú ìjọ Quaker gbà pé bí Amẹ́ríkà bá lè se ṣúgà mépù tó pọ̀ tó, ọjà ṣúgà ìrèké tí àwọn ẹrú ń fi ẹ̀mí wọn ṣe ní àwọn erékùṣù Kàríbíà á kú. Jefferson gbin mépù sí oko rẹ̀ ní Monticello ní ọdún náà gan-an. Oko ṣúgà tó rò kò jáde níbẹ̀, Jefferson fúnra rẹ̀ sì ní ẹrú rẹpẹtẹ. Ìrèké ló borí. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà, wọ́n ń pè wọ́n ní Lucumí, wọ́n ń kó wọn sínú oko ìrèké. Carlota, obìnrin Lucumí kan, wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà Triunvirato ní Matanzas ní 1843, ẹ̀mí rẹ̀ sì lọ sí i. Ó di 1886 kí oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Kúbà. Àkọ́bí mi bi mí pé ta ló wá jẹ ṣúgà náà. Mo ní àwọn tó wà lókèèrè ni. Ó wo ìkòkò, kò sọ nǹkan mìíràn, èmi náà ò fi àlàyé kún un.

Bí ooru bá ti wálẹ̀ tó, ẹ mú ọmọrogùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ ara wọn báyìí, ẹ̀yin ẹ di ìkòkò mú. Apá tó bá ti ro ọkà rí kò ní ráhùn, ṣùgbọ́n ti ọmọ á rẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dà bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀, àfi lójijì tí dídán rẹ̀ á pòórá, àwọ̀ rẹ̀ á funfun díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ yára dà á sínú àwo rọ́bà oníhò kéékèèké, tàbí sórí bébà tí ẹ fi bọ́tà pa. Bó bá dì mọ́ yín lọ́wọ́ nínú ìkòkò, omi gbígbóná ṣíbí kan àti iná kékeré á tú u. Agolo tó dé pinpin á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí àwọn ará ilé bá gbà fún un.

Ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ wà, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹ se mépù dé 113, ẹ má dúró, ẹ rọra dà á ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sórí yìnyín tó mọ́ tí ẹ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àwo. Á di ohun tó ń fà lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ní Québec, wọ́n ń wé e mọ́ igi kékeré. Ní Vermont, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú dónọ́ọ̀tì àti kùkúńbà tí wọ́n rẹ sínú fínígà, kí kíkan rẹ̀ lè gé adùn kúrò lẹ́nu kí wọ́n tún lè bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí yìnyín, ẹ fọ́ áìsì láti inú fírísà. Kò sí ìdúró nínú èyí rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í ṣe èrè lẹ́yìn súìtì àkọ́kọ́.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan: ṣúgà, eyín ọmọ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé torí pé igi ló ti wá, kì í ṣe ṣúgà. Ṣúgà ni, bí ti inú páálí. Ẹyọ kan tàbí méjì, kí wọ́n fọ eyín. Ọmọ tí kò tíì lè jẹ nǹkan líle, ẹ má fún un rárá, ó lè há a lọ́fun. Mépù sì wọ́n, kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ní ilé wa, ìgbà tí yìnyín bá ń lọ nìkan ni a ń se é.

Nínú pípín èèwọ̀ sí méjì yìí, ohun tí èmi àti baálé mi ò tíì fẹnu kò lé lórí ni fóònù. Òun ní lára èèwọ̀ àkọ́kọ́, ti orí iná, ló wà, kò sí àlàyé, ọmọ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èmi ní ó níbi tí iná ti wà nínú rẹ̀, bí àjèjì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Ìyẹn, èmi náà ò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò tó ń gbà á lóorun, ẹ jẹ́ kó wò ó mọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kó sì jí lọ síbi bọ́ọ̀lù rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé bó ṣe wà. Ó ní irú ìyá wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀. A ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pín ti yín, apá ibo ni ẹ fi fóònù sí?